Ilé Tó Kún Dí Ẹnu Ọ̀nà: Kí Ni Ará Àdúgbò Lè Ṣe?

Ìbéèrè: Ìyá kan ń gbé ládùúgbò wa, wọ́n ti lé ní ẹni 60 ọdún. Ìwé ìròyìn, aṣọ, páálí, ike àti ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ kún ilé wọn débi pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń rìn wọlé. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ wọn dúró dìgbà tí wọ́n rìnrìn àjò, wọ́n pe ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ dànù. Kò tó oṣù mẹ́jọ tí ilé náà fi kún pa dà, ó tún wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní báyìí, wọn kì í ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ náà mọ́. Àwa mẹ́rin kan fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a ò mọ ibi tí à bá ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ká tún pe ọkọ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má pe ọkọ̀ o. Ohun tí ẹ kọ yìí ti dáhùn ìbéèrè náà fúnra rẹ̀: ẹrù ni wọ́n kó jáde, wọn ò fọwọ́ kan ohun tó ń kó ẹrù wọlé. Ẹni tí wọ́n bá palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́ nígbà tí kò sí nílé kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń da nǹkan nù. Ohun tó kọ́ ni pé bí òun bá jáde, wọ́n á kó òun lẹ́rù, àti pé àwọn tó yẹ kí òun fọkàn tán ló máa ṣe é. Á tún kó òmíràn jọ, á yára kó o ju ti àkọ́kọ́ lọ, á sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ náà kì í ṣe ìkà, ẹ̀rù ló bà wọ́n. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni wọ́n pàdánù lọ́jọ́ yẹn, owó ọkọ̀ àti ilẹ̀kùn ìyá wọn. Owó ọkọ̀ ló rọrùn jù láti rí pa dà.

Iṣẹ́ tí ẹ̀yin mẹ́rin lè ṣe wà, ó sì pọ̀. Àmọ́ ohunkóhun tó bá máa kúrò nínú ilé yẹn, ọwọ́ ìyá náà ni kó ti kúrò. Tiyín ni pé kí ẹ mú kí ọwọ́ náà rọ̀.

Ohun tó ń ṣe wọ́n lórúkọ. A ó máa pè é ní ìkẹ́rùjọ níbí kó lè rọrùn. Ó pẹ́ tí àwọn dókítà fi kà á mọ́ àìsàn tí èrò kan máa ń fi ipá pa dà sọ́kàn èèyàn ṣáá, ṣùgbọ́n ní 2013, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀ yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà kọ ọ́ sínú àkójọ àìsàn tiwọn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Ohun tí wọ́n ń wò kò ṣòro. Ó nira fún ẹni náà gan-an láti jọ̀wọ́ ohun tó ní, ì báà níye lórí, ì báà má níye lórí. Ẹrù ti gba yàrá débi tí yàrá kò fi ṣeé lò fún ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún: bẹ́ẹ̀dì wà, kò ṣeé sùn lé; sítóòfù wà, kò ṣeé dáná lé. Ó sì ń kó ìrora tàbí ewu bá a. Ẹni tó ń ṣa sítáǹbù tàbí owó àtijọ́ jọ kọ́ là ń sọ. Ìyẹn mọ ohun tó ń wá, ó tò ó, ó sì ń fi han àlejò pẹ̀lú ìyangàn. Ìtìjú ni ìkẹ́rùjọ máa ń mú wá, àlejò ló sì máa ń kọ́kọ́ lé jáde.

Bí a bá kó 100 àgbàlagbà jọ, ó ṣeé ṣe kó máa bá 2 tàbí 3 nínú wọn jà. Ìgbà èwe ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 11 sí 15, nígbà tí òbí ṣì ń palẹ̀ yàrá mọ́ fúnni. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ló fi ń le sí i, nígbà tí èèyàn bá fi máa di ẹni 60, ó ti di òkè, àwọn ará ilé á wá máa sọ pé ọjọ́ ogbó ló dé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó ní ìwúlò: bí ẹ bá bi àwọn ọmọ léèrè, tí wọ́n sọ pé ilé ìyá àwọn mọ́ tónítóní títí di ọdún kan tàbí méjì sẹ́yìn, pé lójijì ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí pa dà nìyẹn. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ, kí wọ́n wò bóyá àrùn ìgbàgbé tàbí ìpalára ọpọlọ kan ló wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀lẹ kọ́ o. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú páálí òfìfo kan lọ́wọ́. Ẹ̀yin rí páálí. Àwọn rí ohun tí wọ́n lè fi di ẹrù, ohun tí ọmọ kan lè fi ṣiṣẹ́ ọwọ́, ohun tí wọ́n á wá tì lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀ gan-an, àti ohun tí ẹni tó gbé e wá ti di olóògbé. Gbogbo rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn ò sì lè yan ọ̀kan. Kí wọ́n má bàa ṣi ìpinnu ṣe, wọ́n á gbé e pa dà sórí òkìtì. Ọ̀pọ̀ wọn kò fọkàn tán ìrántí ara wọn pẹ̀lú: bí nǹkan bá wọ inú àpótí, wọ́n gbà pé àwọn á gbàgbé rẹ̀, nítorí náà ojú táyé ni wọ́n ń fi gbogbo nǹkan sí, títí tí ẹrù tuntun á fi bo ti àná mọ́lẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní ìkẹ́rùjọ fínra pẹ̀lú. Ó sábà máa ń rìn nínú ẹbí, ikú èèyàn ẹni tàbí àdánù ńlá sì lè mú un le sí i. Ẹ ó wá rí i pé bí ẹ bá ní “ẹ ṣáà kó o dànù”, ṣe lẹ sọ fún arọ pé kó ṣáà dìde.

Ẹ̀yin mẹ́rin

Mẹ́rin tó. Bí ẹ bá ju márùn-ún lọ, àpéjọ ló dà, ojú á sì ti ìyá. Ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ni kó jẹ́ ojú tí wọ́n ń rí, ẹni tó ní sùúrù jù, kì í ṣe ẹni tó lágbára jù. Òun ni yóò máa kan ilẹ̀kùn, lọ́jọ́ kan náà, ní aago kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹnì kejì mọwọ́ iná, ilẹ̀kùn àti ìkọ́lé díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ewu ni tirẹ̀. Ẹnì kẹta ní ọkọ̀ tàbí mọ ẹni tó ní i, òun ló ń gbé ohun tó bá jáde lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹnì kẹrin ń bá àwọn ọmọ, dókítà, onílé àti òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀, pẹ̀lú àṣẹ ìyá nìkan. Ohun tí ẹ bá rí nínú ilé kò gbọ́dọ̀ kọjá láàárín yín. Ẹ má ya fọ́tò láìgbàṣẹ, ẹ má sì fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì láé, kódà bí ẹ bá bo ojú wọn. Gbogbo àdúgbò ló mọ ilé náà.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ lọ kí wọn ní ẹnu ọ̀nà, ẹ bá wọn jókòó níta bí wọn ò bá fẹ́ kí ẹ wọlé. Ẹ má mú àpò ìdọ̀tí dání. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò: ẹ máa pe nǹkan wọn ní orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń pè é. Bí wọ́n bá ní “ìwé mi”, ìwé ni, ẹ má pè é ní pàǹtí. Bí ọ̀rọ̀ ilé bá wá yọ, ẹ bi wọ́n pé: “Ìyá, kí lẹ máa ń ṣe nínú ilé yìí tẹ́lẹ̀ tí ẹ ò lè ṣe mọ́?” Ìdáhùn wọn ni iṣẹ́ yín. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, tàbí pé ọmọ-ọmọ lè wá jókòó, tàbí pé oníṣẹ́ omi lè wọlé wá tún páìpù ṣe. Kò lè jẹ́ “kí ilé mọ́”, torí tiyín nìyẹn.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń ṣiṣẹ́ ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Ẹ ní: “Láti 0 dé 10, báwo ló ṣe wù yín tó pé kẹ́ ẹ tún sùn sórí bẹ́ẹ̀dì?” Bí wọ́n bá ní 3, ẹ má béèrè ìdí tí kò fi tó 10, torí àwáwí ni ẹ máa gbọ́. Ẹ béèrè ìdí tí kì í fi í ṣe 0. Nígbà náà ni àwọn fúnra wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdí tó fi yẹ kí nǹkan yí pa dà, ọ̀rọ̀ tó bá sì ti ẹnu ẹni jáde máa ń ṣòro láti bá jiyàn.

Iná ni ẹ ó kọ́kọ́ gbógun tì

Ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, wọ́n ṣàyẹ̀wò iná tó jó ilé láàárín 1999 sí 2009. Èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìkẹ́rùjọ kò ju 0.25 nínú 100 lọ, síbẹ̀ 24 nínú 100 ikú iná tó ṣeé dènà, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Iná máa ń rí nǹkan jẹ níbẹ̀, onílé kì í tètè rí ọ̀nà sá, panápaná náà kì í rí ọ̀nà wọlé.

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ fi jẹ́ sísún, tí kì í ṣe dídànù. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá bẹ́ẹ̀ gan-an: “A ò ní da nǹkan kan nù lónìí, a kàn fẹ́ sún un.” Kí ẹ sì mú ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ. Ọjọ́ tí ẹ bá wọ ilé yẹn tí ẹ jáde lọ́wọ́ òfìfo, ẹ ti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe fún wọn rí.

Ọ̀nà tó fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà ni ẹ ń wá, láti ibi tí wọ́n ń sùn dé ẹnu ọ̀nà àbájáde, dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, dé ilé ìdáná. Ẹ fi okùn tí ẹ ti sàmì sí wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Bí ọ̀nà àbájáde bá jẹ́ méjì, ẹ ṣí méjèèjì. Kí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan lè ṣí tán. Èyí tó ń ṣí ìdajì, ẹni tó ń gbé aláìsàn lórí ibùsùn ò lè gbà á kọjá. Kí òkìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà má ga ju ìbàdí lọ, kó má bàa wó di ọ̀nà ní òru. Kí nǹkan kan má sí láàárín mítà kan sí sítóòfù tàbí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, kí nǹkan kan má sì wà lórí sítóòfù rárá, kódà nígbà tí kò jó. Ẹ tọ wáyà iná kọ̀ọ̀kan láti ihò iná tí wọ́n fi sí lára ògiri dé òpin rẹ̀: èyí tó bá wà lábẹ́ aṣọ tàbí ìwé, ẹ fà á jáde, ooru ń ká mọ́ ọn níbẹ̀. Ẹ gbé aago èéfín kan, ẹ̀rọ tó máa ń han bí èéfín bá wà, sí òkè níta yàrá tí wọ́n ń sùn, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Oògùn wọn, gíláàsì ojú, kọ́kọ́rọ́ àti fóònù ní ibì kan ṣoṣo, lórí nǹkan tí a kò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan mìíràn lé.

Ọ̀rá àti ìwé ìròyìn aláwọ̀ dídán tó wà nílẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ sún. Àwọn ló ń yọ̀ lẹ́sẹ̀, ṣíṣubú sì máa ń ṣẹlẹ̀ ní irú ilé yìí gan-an.

Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, torí eruku rẹ̀ ni èèyàn ń fà símú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, ẹ wọ́n ọn títí tó fi rin, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó fi aṣọ tàbí ìwé kó o sínú àpò méjì. Ẹ má po bílíìṣì mọ́ ọṣẹ olómi mìíràn.

Bí jíjókòó ṣàṣàyàn ṣe ń lọ

Tí ọ̀nà bá ti ṣí, tí ìyá bá ti ní àwọn fẹ́ gbìyànjú, ẹ mú ibi kékeré kan. Kì í ṣe yàrá, àga kan ni, tàbí ìgun tábìlì kan. Ìṣẹ́jú 30 tó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ lè ná an dé wákàtí kan àbọ̀ pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Ó dára kó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè rí i pé nǹkan ti yí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lára fọ́tò, lẹ́tà tàbí ìwé. Ìwé ló ń gba àkókò jù, ìpinnu kan ni ewé kọ̀ọ̀kan ń béèrè, ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ torí òun ló pọ̀ jù lójú wọn, wákàtí méjì á kọjá, ọwọ́ ìwé kan ni wọ́n á ti yẹ̀ wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára ìgò òfìfo, ohun tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ohun tó pé mẹ́wàá irú kan náà.

Páálí mẹ́ta ni ẹ nílò: èyí tó dúró, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, èyí tó ń lọ sí ààtàn. Ẹ lè fi ọ̀kan kékeré kún un fún “n ò tíì mọ̀”. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ pa dà ṣí i lẹ́yìn 30 ọjọ́. Bí kékeré yìí bá kún, ó ti kún nìyẹn. Ẹ má mú òmíràn wá, torí inú páálí “n ò tíì mọ̀” ni gbogbo ilé máa wọ̀ bí ẹ bá gbà fún un.

Kí jíjókòó tó bẹ̀rẹ̀, kí ìyá fúnra wọn la òfin sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí bébà ńlá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Fún àpẹẹrẹ: “Mi ò ní fi ju abọ́ ike márùn-ún sílẹ̀.” “Ìwé ìròyìn tó bá ti ju oṣù kan lọ ń lọ.” Nígbà tí ọkàn bá dàrú, òfin á pinnu fún wọn. Òfin tí ẹ̀yin bá là sílẹ̀ kò ní lágbára yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo abọ́ ike kan. Ìyá ló mú un nílẹ̀, ẹ̀yin kọ́. Wọ́n di í mú, wọ́n yí i po.

“Ìyá, mélòó irú èyí lẹ ní?”

“Ó pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí ní ìdérí.”

“Ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?”

Wọ́n dákẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ dákẹ́. Ẹ ka 30 nínú, ẹ má kún ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, bó tilẹ̀ ń rí bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

“Ó ti pẹ́.”

“Bí ẹ bá nílò abọ́ lọ́la, kí lẹ máa ṣe?”

“N ó mú òmíràn.” Wọ́n tún wò ó. “Àmọ́ ó ń dùn mí.”

“Láti 0 dé 10, báwo ló ṣe ń dùn yín tó?”

“7.”

Ẹ kọ 7 sínú ìwé kékeré kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bí wọ́n bá ju abọ́ náà sí páálí, ẹ tún bi wọ́n lẹ́yìn wákàtí kan, lọ́jọ́ kejì, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ó máa ń wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá rí i pẹ̀lú ojú ara wọn pé 7 di 4, ó di 1, wọn ò ní nílò kí ẹnikẹ́ni rọ̀ wọ́n fún abọ́ kejì. Ìwé kékeré yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo irinṣẹ́ yín, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í ní sùúrù láti kọ ọ́. Bí wọ́n bá pa abọ́ náà mọ́, kò burú. Wọ́n ti ṣe ìpinnu, ìpinnu sì ni iṣan tí a ń kọ́ lágbára. Ẹ yìn wọ́n fún un bákan náà.

Ẹ yẹ àpò aṣọ, inú ìwé àti àpòòwé wò kí nǹkan kan tó jáde. Owó, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìrìnnà máa ń wà láàárín ìwé ìròyìn, ẹ̀rù pé ó lè wà níbẹ̀ sì jẹ́ ara ìdí tí wọn kì í fi í dà á nù. Páálí aláwọ̀ kan ṣoṣo ni kó gba gbogbo ìwé pàtàkì. Ohun tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Àpò tó bá sun ẹnu ọ̀nà mọ́jú ti pa dà wọlé, ìyá á ti tú u wò ní òru. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi tọrẹ, ibì kan ni kó máa lọ. Bí olúkúlùkù nǹkan bá ní ẹni tirẹ̀ tí a ń wá, kò ní lọ. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má mú ohunkóhun lọ sílé yín, ì báà wù yín, ì báà jẹ́ wọ́n ló ní kẹ́ ẹ mú un. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ yín, ohun tí wọ́n á máa rò ni pé ìyẹn ni ẹ bá wá.

Ohun tó máa ń ba jíjókòó jẹ́ kò pọ̀. Olùrànlọ́wọ́ tó ń kánjú ló wọ́pọ̀ jù. Èkejì ni gbígbé òkìtì láti apá ọ̀tún sí apá òsì, tí ọwọ́ kún fún iṣẹ́ tí nǹkan kan ò sì jáde. Bí ẹ bá rí i pé ohun kan náà ti kọjá lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dá a dúró, ẹ bi wọ́n pé páálí wo. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ máa jiyàn lórí ohun kan. Bí ẹ bá ní kò wúlò, wọ́n á ka ìwúlò rẹ̀ fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á sì gba ara wọn gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀, kí àwọn fúnra wọn ṣe ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ pẹ̀lú aago. Kí wọ́n dúró nígbà tí aago bá dún, kódà bí ó bá ń dùn mọ́ wọn. Ẹni tó bá ṣe wákàtí mẹ́rin lónìí kì í fẹ́ rí i lọ́la.

Ohun tó ń wọlé

Nínú 10 ẹni tó ní ìkẹ́rùjọ, ó tó 8 tàbí 9 tó ń kó nǹkan wọlé ju bó ti yẹ lọ, ní rírà, ní gbígbà ọ̀fẹ́, ní ṣíṣà nílẹ̀. Bí ẹ bá ń kó àpò kan jáde lọ́sẹ̀ tí méjì ń wọlé, ìṣirò náà ò le. Kí ìyá kọ ohun tó wọlé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: kí ni, níbo ló ti wá, báwo ni ara wọn ṣe rí kí wọ́n tó mú un. Ẹ ó rí àpẹẹrẹ kan níbẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ tí àárò ẹnì kan sọ wọ́n, tàbí ọjọ́ tí wọ́n bínú.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá wọn rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń rí nǹkan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kọjá lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọlé, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan. Lọ́jọ́ kẹta, kí wọ́n mú èyí tó wù wọ́n jù, kí wọ́n dì í mú fún ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n gbé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ jáde. Ẹ kọ nọ́ńbà sínú ìwé kékeré bí ẹ ti ń ṣe nílé. Àwọn ará àdúgbò náà ní tiwọn: kí wọ́n yé gbé aṣọ àlòkù àti ìwé tí wọn ò fẹ́ mọ́ wá fún wọn. Inú rere ni, ṣùgbọ́n òun náà ló ń kún ilé.

Àwọn ọmọ, dókítà, àti àwọn tó jọ ń bá a jà

Ẹnì kẹrin yín ló máa bá àwọn ọmọ sọ ọ́. Kí wọ́n bẹ ìyá wọn fún ti ọkọ̀, kí wọ́n ṣèlérí pé àwọn ò ní fọwọ́ kan nǹkan láìgbàṣẹ mọ́, kí wọ́n sì máa wá fún oṣù méjì láì mẹ́nu kan ilé. Ẹ gbọ́ tiwọn náà. Ẹni tí wọ́n tọ́ nínú ilé tí kò lè pe ọ̀rẹ́ wá ní ọgbẹ́ tirẹ̀, ìbínú wọn kò ṣàdédé wá.

Kò sí oògùn kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní pàtó fún ìkẹ́rùjọ. Ìtọ́jú tó ní ẹ̀rí jù ni ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ ìwà àti ọpọlọ, tó ń kọ́ni ní ṣíṣe ìpinnu, ṣíṣètò àti fífara da ìrora jíjọ̀wọ́ nǹkan. Ó lè tó ìpàdé 26, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì wáyé nínú ilé fúnra rẹ̀. Ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ ilé díẹ̀ ló ń di tónítóní. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá wà pẹ̀lú rẹ̀, kí dókítà tọ́jú ìyẹn, torí ẹni tí kò lè dìde lórí ibùsùn kò lè yan abọ́. Ẹgbẹ́ àwọn tó ní ìṣòro kan náà tún wà: èèyàn díẹ̀ tó ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí olúkúlùkù ń sọ ohun tó máa ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé. Ìwádìí ti fi hàn pé èyí tí ẹni tó ní ìrírí rẹ̀ ń darí kò kẹ́yìn sí èyí tí onímọ̀ ń darí. Bí kò bá sí nítòsí yín, èèyàn mẹ́fà tó láti dá a sílẹ̀, á sì yà yín lẹ́nu bí wọ́n ṣe tètè ń yọjú bí ìtìjú bá ti kúrò níbẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gba sùúrù. Gáàsì ń jò, wáyà ń tan iná, ilẹ̀ tàbí àjà ti ń tẹ̀, ẹrù ti dí ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo tí wọn ò sì gbà kí ẹ sún un, ọmọdé tàbí ẹran ọ̀sìn púpọ̀ wà nínú ilé, tàbí ìyá ń sọ pé ó sàn kí àwọn kú. Ẹ pe panápaná tàbí dókítà lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà tí ẹni tí ẹ pè bá dé. Bí ìjọba tàbí onílé bá pàṣẹ pé kí wọ́n kó ẹrù, ẹ bá wọn dúnàádúrà fún àkókò àti fún ohun pàtó tó gbọ́dọ̀ kúrò, kí ìyá wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ kó páálí méjì mẹ́ta ohun tí wọn ò lè pàdánù sọ́tọ̀, kí ẹnì kan sì máa wà pẹ̀lú wọn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Òru àkọ́kọ́ lè léwu gan-an.

Láti mọ̀ bóyá ẹ ń tẹ̀síwájú, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú, torí ẹni tó ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í rí ìyàtọ̀. Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn onímọ̀ ń lò, fọ́tò 9 fún pálọ̀, 9 fún ilé ìdáná, 9 fún yàrá ìbùsùn, láti èyí tó ṣófo dé èyí tó kún dé àjà. Kí ìyá àti ẹnì kan nínú yín yan nọ́ńbà tó jọ ilé náà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. 4 sókè ló fi hàn pé ìrànlọ́wọ́ pọn dandan. Láti 7 bọ́ sí 5 láàárín ọdún kan, iṣẹ́ ńlá ni. Bí ilé bá ti wà ní 3, ẹ má dá ìbẹ̀wò dúró: ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 30 níbi àga kan náà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa dà sí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹnì kan bá kú nínú ẹbí wọn tàbí bí ara wọn ò bá yá.